Sìdíkàt Ẹlẹ́wà àti Òkúta Tó Ṣẹ́kù

Bí ẹ bá ra ẹ̀wà olóyin lọ́wọ́ Sìdíkàt ní Mayfair, ní Jo’burg níhìn-ín, tí ẹ sì rí òkúta kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ gbé gbogbo àpò náà padà, yóò fún yín ní méjì mìíràn. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì gbé àpò kankan padà. Àwọn ìyàwó tó ń gbé ní Fourways, tí ilé ìtajà ńláńlá wà lẹ́yìnkùlé wọn, máa ń wa mọ́tò wá títí dé ọ̀dọ̀ wa nítorí ẹ̀wà yìí. Wọ́n ní owó dókítà eyín ní ìlú yìí kò ṣe é fẹnu sọ.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le rárá. Sìdíkàt á da ẹ̀wà sórí atẹ, á ṣà á. Tó bá parí, á ti atẹ náà sí mi, èmi náà á tún un ṣà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé ó kàn fẹ́ fìyà jẹ mí ni. Mo ní, “Àǹtí Sìdí, ẹ ti ṣà á tán, kí ni mo tún fẹ́ ṣà níbẹ̀?” Ó dá mi lóhùn pé ojú òun ti sọ fún òun pé ẹ̀wà ti mọ́, kò sì ní wá nǹkan kan mọ́, ojú ẹlòmíràn ló máa rí èyí tó kù. Mo rẹ́rìn-ín. Lórí atẹ àkọ́kọ́ tí mo tún ṣà lọ́jọ́ náà, mo rí òkúta mẹ́rin. Láti ìgbà náà ni ìdérí agolo mílíìkì kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo ń kó òkúta tèmi sí. Ó máa ń jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí atẹ kan, bó bá pọ̀ tán, á jẹ́ márùn-ún.

Fadékẹ́mi ni orúkọ mi. Ọmọ Iléṣà ni mí, Randburg ni mò ń gbé, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo sì ń wọ taxi wá sí Mayfair. Ẹnu mi mú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Sìdíkàt fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ní, Bùkúnọlá, tí wọ́n bí síhìn-ín, tó wà ní yunifásítì báyìí. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, ìborùn funfun kì í kúrò lórí rẹ̀, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó lè lé e láyé yìí.

Ohun kan wà nínú ìwà rẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó lọ síwájú, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Sìdíkàt kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń ṣàìsàn. Ẹ bi í pé báwo ni ara, á ní àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Orí ì báà máa fọ́ ọ, ẹsẹ̀ ì báà wú, àlàáfíà ni. Mo mọ̀ pé gbogbo wa là ń ṣe é. Ta ni wọ́n ń kí láàárọ̀ tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àrùn sílẹ̀ fún ẹni tó kí i? Tiwa tí a wà lẹ́yìn odi tún wá le jù, torí bí a bá ní nǹkan ń ṣe wá lórí fóònù, àwọn ará ilé ò ní lè sùn, wọn ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i láti ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ti Sìdíkàt kọjá ti gbogbo wa. Ní ọdún tí wọ́n dìde sí àwa àjèjì, tí wọ́n ń jó ṣọ́ọ̀bù, inú àgbàlá ọlọ́pàá ló wà, ó pọn Bùkúnọlá sẹ́yìn, nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é láti Ìsẹ́yìn. Ìyá náà ti gbọ́ lórí rédíò. Sìdíkàt fi ọwọ́ ká ẹnu fóònù kí ariwo má baà wọlé, ó ní, “Àlàáfíà ni, Ìyá mi, kò dé ọ̀dọ̀ tiwa.” Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sọ ìtàn yìí fún mi. Èmi ò rí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá ni àìsàn náà hàn síta, nínú òtútù. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti máa ń fọwọ́ di abẹ́ ìhà ọ̀tún bó bá jẹ ohun tó lépo. Mo bi í, ó ní gáàsì ni. Mo tún bi í, ó ní ṣé èmi ni mo ni ikùn òun ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sí i lójú gan-an, mo wá rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè.

“Àǹtí Sìdí, kí ló ṣe yín lójú?”

“Kí ló máa ṣe mí lójú? Àlàáfíà ni.”

“Ẹ wo dígí!”

Ó wo dígí tó wà lára ògiri. Ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó fi ìka fa abẹ́ ojú rẹ̀ wálẹ̀. “Eish,” ó ní. Ọjọ́ náà la lọ sí ọsibítù.

Ọsibítù ìjọba ni. A jókòó lórí àga onírin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbà á wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan wa, ọwọ́ dókítà tó gbà wá dára. Pillay ni wọ́n ń pè é, obìnrin kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí taxi ń dúró dè. Ó fa bébà kan yọ, ó ya àwòrán sẹ́yìn rẹ̀ fún wa. Ẹ̀dọ̀ rèé, òun ló ń ṣe òróòro. Àpò kékeré tí òróòro ń dúró sí rèé. Ọ̀nà tó ń gbà lọ sínú ìfun láti lọ yọ́ epo oúnjẹ rèé. Òkúta ti gbára jọ sínú àpò yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, díẹ̀ nínú wọn sì ti já bọ́ sínú ọ̀nà, wọ́n ti dí i. Òróòro tí kò rọ́nà lọ ti padà sínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi pọ́n, tí ìtọ̀ náà sì dúdú bí Kóòkì. Mo yíjú sí Sìdíkàt nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Kò sọ fún mi pé ìtọ̀ òun ti dúdú. Ó ń wo àwòrán náà bí ẹni pé ikùn ẹlòmíràn ni.

Wọn ò la ikùn rẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n sì ti okùn dúdú gígùn kan tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ikùn, títí dé ibi tí ọ̀nà òróòro ti já sínú ìfun. Wọ́n gé ẹnu ibẹ̀ díẹ̀ kó lè fẹ̀. Wọ́n fín oògùn kan sínú ọ̀nà náà tó ń jẹ́ kó hàn nínú fọ́tò, wọ́n sì fi agbọ̀n kékeré kan tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín hun fa òkúta márùn-ún jáde. Nígbà tí mo gbọ́ márùn-ún, inú mi dùn. Mo rò pé ó parí.

Dókítà Pillay ní kò tíì parí. Ó ní ọ̀nà náà wú, ọyún wà nínú rẹ̀, òun kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti mọ́. Òkúta kékeré lè sá pamọ́ sínú oògùn fọ́tò yẹn, atẹ́gùn tó bá kó síbẹ̀ náà lè jọ òkúta, èèyàn á máa wo ọ̀kan bí èkejì. Nítorí náà, ó ti ki páìpù oníke kékeré kan bọ ibẹ̀ kí òróòro lè máa rí ọ̀nà lọ. Kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn á tún un wò dáadáa, àwọn á kó èyí tó bá kù, àwọn á yọ páìpù náà, lẹ́yìn náà làwọn á wá yọ àpò òróòro fúnra rẹ̀ kó má baà tún máa kó òkúta jọ. Ó tẹnu mọ́ ọn pé páìpù yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbàgbé síkùn, ó máa ń dí. Bí ibà bá dé, bí ó bá ń gbọ̀n, bí ojú bá tún pọ́n, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó kọ nọ́ńbà fóònù sára káàdì kan fún wa. Ojú àpótí owó ni Sìdíkàt lẹ káàdì náà mọ́ nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti lè rí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí Oṣù Keje, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá Sìdíkàt níwájú hítà, ó yí búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ní òtútù Jo’burg ni. Òtútù mú lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi ti bọ́ kóòtù mi sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́wàá, gbígbọ̀n náà ti dáwọ́ dúró, òógùn wá bò ó, ó sì ní ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

A ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀wà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde sókè. Nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù ni, ọkùnrin olóhùn jẹ́jẹ́, Micah lorúkọ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, àwọn tó ń dúró sì ti pọ̀ jù, òun ń pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí àwọn lè fa irú wọn síwájú, kí àwọn tí ara wọn le sì ní sùúrù díẹ̀ sí i.

“So how are you feeling, Mama?”

“I’m fine, my son. We thank God.”

“Any pain?”

“No pain.”

“No fever? No shaking?”

Sìdíkàt gbójú sókè, ó wò mí. Èmi náà wò ó. Búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀.

“I’m fine,” ó ní. “How is your family?”

Micah rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n wà dáadáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sún un sí àárín Oṣù Kẹwàá.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹnu mi tó mú yìí, tó máa ń gba tọ̀tún-tòsì sọ̀rọ̀ nínú taxi, mo pa á mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, a ò sì mọ̀ ọ́n rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ là á mọ́lẹ̀ pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń pa, létí àjèjì? Mo gbé e mì. Nígbà tí fóònù kú ni mo tó bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́. Ó ní, “Òtútù tó mú mi láàárọ̀ ti lọ, kí ni mo tún ń sọ ọ́ fún? Àwọn tí ara wọn burú ju tèmi lọ wà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣe tiwọn.” Ó ti atẹ sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

Ìdérí agolo mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Nínú Oṣù Kẹjọ, mo ṣàkíyèsí pé òkúta tí mo ń rí lórí atẹ kejì ti di mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Mo rò pé ẹ̀wà tuntun náà ló lókùúta. Mo bu láti inú àpò tó ti wà nílẹ̀ láti Oṣù Karùn-ún, tó mọ́ dáadáa nígbà yẹn, ó ṣà á tán, mo ṣì rí mẹ́wàá níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di mẹ́rìnlá. Nígbà tí Oṣù Kẹsàn-án wọlé, mo ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí atẹ kan ṣoṣo, àwọn kan sì wà nínú wọn tó tóbi tó ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Mo dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mo ń wo Sìdíkàt. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lórí atẹ bó ṣe máa ń lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ń wo ibì kan lókè orí mi. Ètè rẹ̀ gbẹ. Obìnrin tó lè rí òkúta kan láti ẹnu ọ̀nà kò rí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níwájú ara rẹ̀.

“Àǹtí Sìdí, ṣé kò sí o?”

“Àlàáfíà ni.”

Mo pe Bùkúnọlá lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. “Aunty Kẹ́mi, I talk to Mummy every single day. She says she’s fine.” Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó ní ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, òun á wá lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi tí mo jókòó síwájú ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀. A ò tíì ṣa ìdajì atẹ nígbà tí mo gbọ́ ìró kan bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Atẹ Sìdíkàt ni. Òun ló ń gbọ̀n, atẹ náà ń bá a gbọ̀n, ẹ̀wà ń ta pàrà bọ́ sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ kejì di atẹ mú, ọwọ́ kejì náà ń gbọ̀n. Mo wo ojú rẹ̀, ó tún ti pọ́n. Mo dìde, mo yọ káàdì tó wà lójú àpótí owó, mo fi fóònù rẹ̀ pe nọ́ńbà náà, mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde sókè. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ Micah ló gbé e.

“Mama Sìdíkàt! How are you?”

Kí n tó la ẹnu, ó ti dáhùn. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, síbẹ̀ ó dáhùn. “I’m fine, my son.”

Mo gbaná jẹ. “Irọ́ ni!” Ni mo bá rántí pé kò gbọ́ Yorùbá. “My brother, it’s a lie. She’s not fine. She’s shaking now-now. She was shaking the day you called in July, I was there, I kept quiet. Her eyes are yellow again. She can’t even see the stones.”

Micah kò béèrè irú òkúta tí mò ń sọ. Ó ní kí a má dúró de ohunkóhun, kí a máa bọ̀ kíá, kí a sọ lẹ́nu ọ̀nà pé páìpù wà nínú ọ̀nà òróòro rẹ̀, ibà sì ti dé. Ó ní òun á ti sọ fún wọn kí a tó dé.

Ọlọ́runṣògo, tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwa, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. Ó já robot pupa méjì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí. Sìdíkàt fi orí ti gíláàsì, búláńkẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju èyí tí mo fi lè gbọ́ lọ.

“Kẹ́mi, o já mi nírọ́ níwájú ọmọ kékeré.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ bá a mú ìborùn rẹ̀ dání, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fún nọ́ọ̀sì. Ó dùn mí wọ inú egungun. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí i pẹ̀lú, ìbínú náà ni kò jẹ́ kí n sunkún. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fi oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn sínú omi náà. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Dókítà Pillay jáde wá bá mi, ó ní bí a bá dúró di Sátidé, òun ò mọ ohun tí òun ì bá máa sọ fún mi. Mo rántí Oṣù Keje. Mo rántí bí mo ṣe gbé e mì. Mo jókòó sórí àga onírin yẹn.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún ti okùn kámẹ́rà náà wọ inú rẹ̀. Ní ọ̀sán, Bùkúnọlá dé láti yunifásítì, báàgì ìwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti jí. Ọmọ náà dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò súnmọ́ ọn.

“You said you were fine,” ó ní. “Every day, Mummy. I asked you every day.”

“Bùkún mi, mi ò fẹ́ kí o...”

“I believed you!”

Ó bú sẹ́kún. Sìdíkàt na ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ sí ọmọ náà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ni mo rí omi lójú òun náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. “Má bínú,” ó ní. “Mo rò pé mo fi ń tọ́jú rẹ ni.”

Ọjọ́ Sátidé ni dókítà Pillay wá ṣàlàyé fún wa. Páìpù oníke náà ti dí bámúbámú, ẹrẹ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Òkúta mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn ò rí nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n kó wọn, wọ́n fi fèrè oníròbà kékeré kan tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí gbá ọ̀nà náà láti òkè délẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, fọ́tò mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó pe dókítà àgbà kan láti yàrá kejì, ẹni tó ní kámẹ́rà mìíràn, tí irú skáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún wà lórí rẹ̀. Inú ìfun ni kámẹ́rà náà dúró sí, ó ń wo ọ̀nà òróòro láti ẹ̀gbẹ́. Dókítà àgbà náà ló rí òkúta kan sí i, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kò ju ìdajì ẹyọ ẹ̀wà lọ. Wọ́n yọ ìyẹn náà, wọ́n tún un wò. Kò sí nǹkan kan mọ́.

Mo bi dókítà Pillay pé kí ló dé tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹni tó kó òkúta ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ó ti mọ́, àfi kí ẹlòmíràn bá òun wò ó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Sìdíkàt ò fi bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń ru ògì wá fún un láràárọ̀. Ó ń wo òrùlé. Nígbà tí dókítà jáde, ó yí ọrùn sí mi díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín.

“Kẹ́mi,” ó ní, “àwọn èèyàn yìí mọ ẹ̀wà ṣà.”

Ẹ̀rín pa mí, mo rín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò wá. Ẹkún tí mo ti ń dì mú láti Ọjọ́bọ̀ bá ẹ̀rín náà jáde.

Nínú Oṣù Kọkànlá ni wọ́n yọ àpò òróòro náà, ihò kékeré mẹ́rin péré ni wọ́n dá sí i níkùn. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kó má gbé nǹkan tó wúwo. Ó gbé nǹkan tó wúwo. Mo pariwo lé e lórí, ó kọ etí ikún sí mi. Òkúta inú ìdérí agolo mi ti padà sí mẹ́ta, mẹ́rin. Àwọn tó ń ti Fourways wá ń kí i pé ara ńkọ́, wọ́n gbọ́ pé ó ṣàìsàn. Àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Mo máa ń wò ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú bó bá ń sọ ọ́. Ó mọ̀ pé mò ń wo òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù rẹ̀ dún. Ọwọ́ àwa méjèèjì wà nínú ẹ̀wà. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Micah ni. Oṣù mẹ́ta ti pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan tún ń yọjú, torí òkúta lè tún gbára jọ nínú ọ̀nà náà bí àpò ò tilẹ̀ sí mọ́.

“Mama Sìdíkàt! How are you feeling?”

“I’m fine, my son. We thank God. How is your family?”

“They are fine, Mama. Any pain?”

Sìdíkàt la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó pa ẹnu dé. Ó wo atẹ tó wà níwájú rẹ̀, tó ti ṣà tán, ó tì í sí mi bó ṣe ti ń tì í láti ọdún mẹ́rìnlá, ó sì gbé fóònù náà lé e, sáàárín ẹ̀wà.

“Hold on, my son,” ó ní. “Talk to my sister.”

Mo nu ọwọ́ mi. Kí n tó dá Micah lóhùn, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí fèrèsé, mo sì wo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì dáadáa.